Bí Ilà Ojú Bàbá Àgbà Ṣe Gba Inú Wáyà Kọjá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bàbá àgbà mi, àtẹ wọn ni kó kọ́kọ́ wò. Àgádágodo ni wọ́n ń tà ní ọjà ńlá Kùmásì ní Gánà, láti orí kékeré tí ọmọ ilé-ìwé fi ń ti àpótí títí dórí gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀ tí wọ́n fi ń ti ilé ìkẹ́rùsí. Yàkúbù Àjàní lorúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n ní Ìlọrin. Ní Tafo tí a ń gbé, Alhaji Krado ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n, nítorí krado ni àwọn Àṣáńtì ń pe àgádágodo. Àwọn tó ń ta irú ọjà yìí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn a máa kó díẹ̀ síta, wọ́n a fi ìyókù sínú àpótí. Bàbá Àgbà ò mọ ìyẹn. Bí àgádágodo kan bá ti dógùn-ún, wọ́n á fi epo pa á lára, wọ́n á sì gbé e síwájú pátápátá bí ìyàwó tuntun.

Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ẹ ò ṣe fi díẹ̀ pamọ́, kí ẹ lè máa tètè palẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó ní kí wọ́n wá máa tajà nínú kànga. "Ráúfù, ohun tí o kò bá pàtẹ, gbogbo ayé fọ́jú sí i."

Bẹ́ẹ̀ náà ni pálọ̀ wọn rí. Firíìjì kan wà níbẹ̀ tí kò mú omi tutù mọ́ láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, síbẹ̀ ọ̀kánkán ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kí ojú àlejò tó bá ojú onílé. Aago ògiri wà níbẹ̀, fáànù onírin wà níbẹ̀, kọ́tìnì olódòdó pupa tó kún ilẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà a máa kó àwo gaàrì sínú firíìjì náà kí eku má baà jẹ ẹ́. Bí àlejò bá béèrè omi tútù, Bàbá Àgbà á ní, "Dókítà ní kí a má máa mu tútù nínú ilé yìí."

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìkíni wọn. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, n kò lè jókòó bí wọn ò bá tíì béèrè ọ̀gá mi, ìyàwó ọ̀gá mi, ẹni tó ń ṣọ́ géètì, àti ajá ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ń sáré lọ sílé kéú a máa gba ẹ̀yìn ilé lọ, nítorí ẹni tó bá gba iwájú á pẹ́ dé. Ìyá Àgbà pariwo lọ́jọ́ kan pé, "Alájì, mepa wo kyɛw, mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọmọ ó jẹun! Ajá wo lẹ tún ń kí?" Bàbá Àgbà ò tiẹ̀ wo apá ọ̀dọ̀ wọn. "Ẹni tó gé ìkíni kúrú," ni wọ́n wí, "ó ti gé ẹni tó ń kí kúrú."

Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n. Ẹnu wọn kì í ká, ọwọ́ wọn kì í gbélẹ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀, gbogbo ohun tí wọ́n ní ló wà lójútáyé. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ti fi pamọ́ rí láyé wọn. Eyín ríro ni mo fi mọ̀ ọ́n.

Ọdún ebi ni, nígbà tí iná ọ̀dàn jẹ oko run ní Gánà tí àwọn ọmọ Gánà tún ń ti Nàìjíríà rọ́ padà wálé. Ọmọ ilé-ìwé ni mí nígbà náà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bàbá Àgbà wú, ó ń dán bí ìgbá tó pọ́n, omi sì ń dà lójú wọn. Ìyá Àgbà gbé aṣọ tí wọ́n ti rì sínú omi gbígbóná wá.

"Alájì, ẹ jẹ́ kí n fi èyí dì í yí orí yín ká. Á sọ̀."

"Rárá."

"Ẹ ò rí i bó ṣe wú ni?"

"Kó wú. Kó wú dé Aboabo."

"Ṣé bí ẹ ṣe fẹ́ kú nìyẹn, nítorí aṣọ lásán?"

Bàbá Àgbà fi ọwọ́ ti aṣọ náà sẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹní ń ti ọmọ tí kò mọ ohun tó ń ṣe. "Ojú mi ò ní wọ aṣọ mọ́ láyé."

Bí Bàbá Àgbà ṣe jáde tán ni mo bi Ìyá Àgbà léèrè. Ìyá Àgbà, Krofrom ni wọ́n bí wọn sí. Ọmọ Yorùbá ni bàbá wọn, Àṣáńtì ni ìyá wọn. Ọ̀rọ̀ tó bá dùn wọ́n, Twi ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Yorùbá ni wọ́n fi ń parí ẹ̀. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sì sọ ọ́.

Bàbá Àgbà ní ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ ìyá ọmọ bàbá, Sàlámì lorúkọ wọn. Àwa ọmọ ń pè wọ́n ní Bàbá Ìlọrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò rí wọn rí. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ wá sí Kùmásì, orí àtẹ kan náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọdún tí ìjọba Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò níwèé kó jáde nílùú, Bàbá Ìlọrin ní kí àwọn máa lọ sílé. Bàbá Àgbà ní àwọn ò lè lọ: ìyá Ìyá Àgbà wà lórí àìsàn ní Krofrom, kò sì bí ọmọ míì. Bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ni àwọn tó ń yẹ ìwé wò wọ agbo ilé.

Ẹ ṣe sùúrù kí n sọ èyí dáadáa, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Bàbá Àgbà gbọ́ Twi bí ẹni tó mu ún lọ́mú. Ohun tó lè tú àṣírí wọn kò ju ilà ojú wọn lọ, àbàjà mẹ́ta-mẹ́ta lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì. Wọ́n fa ìborùn Ìyá Àgbà yọ lórí okùn, wọ́n fi dì láti àgbọ̀n yí orí ká bí ẹni tí eyín ń dùn. Nígbà tí àwọn ayẹ̀wé bi wọ́n pé ta ni wọ́n, wọ́n ní, "Meyɛ Asanteni. Me se yɛ me ya." Àṣáńtì ni mí, eyín ń dùn mí. Àwọn ayẹ̀wé náà tiẹ̀ bá wọn kẹ́dùn, wọ́n sì kọjá lọ.

Bàbá Ìlọrin wà níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù nínú yàrá. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n gbọ́. Wọ́n jáde síta, wọ́n dúró síwájú àbúrò wọn.

"Yàkúbù, ta ni bàbá rẹ?"

Bàbá Àgbà rò pé àwàdà ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rù ló bà mí."

"Mi ò bi ọ́ pé kí ló bà ọ́. Mo ní ta ni bàbá rẹ?"

Ìborùn náà ṣì wà lójú Bàbá Àgbà. Bàbá Ìlọrin gbé ẹrù wọn, ọkọ̀ akẹ́rù gbé wọn lọ, ohun tí wọ́n sì sọ gbẹ̀yìn ni Ìyá Àgbà sọ fún mi pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́: "Ẹni tó fi aṣọ bo ilà bàbá mi, kí aṣọ náà máa jẹ́ bàbá rẹ̀."

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti yan odì. Bàbá Àgbà fi aṣọ ránṣẹ́, ó padà. Wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́, ó padà láìtú. Wọ́n tẹlifóònù sí ilé ará àdúgbò kan ní Ìlọrin. Nígbà tí Bàbá Ìlọrin gbọ́ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, wọ́n gbé e kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí awakọ̀ kan mú bọ̀ wá ni pé ohunkóhun tó bá ti Kùmásì wá, ọwọ́ àwọn ò ní gbà á. Àwọn àlùfáà Ìlọrin tó wà ní àdúgbò Aboabo bá wọn dá sí i títí, ó sú wọn. Bàbá Àgbà a sì máa pẹ́ lórí ẹní ìkírun lẹ́yìn tí gbogbo wa bá ti dìde. Mo bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan pé kí ni wọ́n ń tọrọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ẹ̀gbọ́n mi dá mi lóhùn sàlámà kan ṣoṣo kí ọ̀kan nínú wa tó kú. Àdúrà ẹni tó ń bá ọmọ ìyá rẹ̀ yan odì, ìloro ló ń dúró sí."

Wàyí o, iṣẹ́ tí èmi kọ́ ni bí a ṣe ń sọ àwòrán fídíò aláwọ̀ mèremère di kékeré. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 ń lọ sópin, a wà nínú yàrá kan ní yunifásítì, àwa àti kọ̀ǹpútà díẹ̀, à ń wá bí fídíò ṣe lè gba inú wáyà tẹlifóònù kọjá. Bàbá Àgbà ní kí n ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń san owó fún mi lé lórí. Mo ní:

"Bàbá, àwòrán tó ń rìn yẹn, àwòrán tó dúró sójú kan ló pọ̀, tí wọ́n ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá. Bí a bá ní ká fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ bó ṣe wà, wáyà ò lè gbà á. Bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ fi ìgò epo gbọ́n odò ni. Ẹ̀rọ á wá pín àwòrán sí onígun mẹ́rin kéékèèké bí ẹní tí wọ́n hun. Ibi tí kò bá yí padà, kò ní fi í ránṣẹ́ mọ́. Á kàn sọ fún ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún pé bó ṣe wà lẹ́ẹ̀kan náà ló ṣe wà. Ti àwọ̀, ojú èèyàn tètè ń rí ìmọ́lẹ̀ àti òjìji ju àwọ̀ lọ, nítorí náà a máa ń dín àwọ̀ kù, ojú ò sì ní mọ̀. Ohun tín-ín-tìn-ín tí ojú ò ní fura sí, ẹ̀rọ á gé e dànù."

Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. Wọ́n fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ta ló sọ fún ẹ̀rọ ohun tí ojú mi ò ní fura sí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Èsì ìbéèrè náà ń bọ̀ wá bá gbogbo wa.

Ẹnìkan ni mo pàdé ní Àkúrà, olú-ìlú Gánà, níbi tí wọ́n ti kó àwa tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà láti ìlú oríṣiríṣi jọ. Àlàbí lorúkọ rẹ̀, ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Ìlọrin. A ń tọpa ilé ara wa, la bá rí i pé ọmọ ọmọ Bàbá Ìlọrin ni. A dì mọ́ra wa, àwọn èèyàn ń wò wá. Àlàbí ní bàbá àgbà òun ò gbà kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Kùmásì nínú ilé, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù òun láti wo ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe.

Mo gbé ìròyìn yìí dé Tafo. Mo ní, "Bàbá, mo lè fi fídíò yín ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà Àlàbí nínú wáyà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí Bàbá Ìlọrin sọ."

Bàbá Àgbà fò dìde bí ọmọdé. "Wallahi, ọwọ́ òun ò ní gbà á ni ẹ̀gbọ́n mi sọ. Kò sọ pé ojú òun ò ní wò ó."

Ẹ ò rí ìmúra ọjọ́ náà! Bàbáńrìgá aláràn-án tí wọ́n fi ṣe Ìtúnu-ààwẹ̀ ni wọ́n wọ̀. Wọ́n ní kí a ti firíìjì sún mọ́ àga, kí fáànù máa yí, kí kọ́tìnì olódòdó wà lẹ́yìn àwọn, kí àwọn ọmọ ilé máa jó lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè mọ̀ pé ilé kún. Mo sọ fún wọn pé àyè kékeré ni wáyà ní, pé gbogbo ohun tó bá ń mì ló ń jẹ nínú àyè náà. Wọ́n ní, "Mo ti gbọ́. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jó dáadáa!" Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í kí. Wọ́n kí òkú, wọ́n kí alààyè, ọwọ́ wọn ń fò sókè sódò, aṣọ ń fẹ́ lẹ̀lẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀rọ sọ ọ́ di kékeré tán, mo gbé e wá fún wọn wò lórí kọ̀ǹpútà. Fáànù ń yí, òdòdó kọ́tìnì hàn, àwọn ọmọ ń jó. Ẹ̀rọ ti ná gbogbo agbára rẹ̀ sórí wọn, díẹ̀ tó kù ló fi ya ojú Bàbá Àgbà. Ojú náà ń dán bí ẹyin sísè.

Ìyá Àgbà ní, "Èyí ò ha kéré sí wọn lọ́jọ́ orí báyìí?"

"Ó jọ mí!" ni Bàbá Àgbà wí, inú wọn dùn. "Ẹ̀rọ yìí mọ àgbà í bọ̀wọ̀ fún. Ó ti yọ ogún ọdún kúrò. Fi ránṣẹ́, Ráúfù."

Mo fi ránṣẹ́. Ó pẹ́ kó tó wọlé tán, bí ìgbà tí wọ́n ń ta omi sínú agbè ẹlẹ́nu tóóró, ṣùgbọ́n ó dé.

Àlàbí ní òun máa tẹlifóònù sí ilé tẹlifóònù tó wà ní ìdíkọ̀ Tafo. Bàbá Àgbà ti fi ọ̀pá rìn débẹ̀ kí àkókò tó tó, torí ẹsẹ̀ ti ń dùn wọ́n nígbà náà. Òun náà ni kò jẹ́ kí wọ́n lè bá ọkọ̀ lọ sí Ìlọrin. Mo dúró tì wọ́n. Wọ́n fi tẹlifóònù sáàárín àwa méjèèjì kí n lè gbọ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá," ni Àlàbí wí. Ohùn rẹ̀ ò dùn.

"Ṣé ẹ̀gbọ́n mi wò ó?"

"Wọ́n wò ó."

"Kí ni wọ́n wí?"

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n má sọ ọ́."

"Àlàbí, èmi ni mo ní kí o sọ ọ́."

Àlàbí mí kanlẹ̀. "Wọ́n ní àwọn rí firíìjì. Àwọn rí fáànù. Àwọn rí kọ́tìnì. Wọ́n ní ẹni tó wà láàárín wọn, àwọn wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí, kò sí ohun tí bàbá àwọn kọ síbẹ̀. Wọ́n ní, 'Ó ti tún fi aṣọ dì í.'"

Bàbá Àgbà gbé tẹlifóònù kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Lójú ọ̀nà, ẹni méjì ló kí wọn, wọn ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Tafo kò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà ni wọ́n tó sọ̀rọ̀. "Ráúfù, gbogbo ohun tí mo ní ni mo pàtẹ. Mo gbàgbé ara mi sínú àpótí."

Wọn ò lọ sí ọjà fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Bàbá mi, tó jẹ́ àkọ́bí wọn, ló lọ ń bá wọn jókòó ti àtẹ. Mo ń bẹ̀rù pé wọ́n ti gbà pé ọ̀rọ̀ parí. Lẹ́yìn ìrun àárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n pè mí.

"Kí lo sọ pé ó ń jẹ nínú àyè wáyà yẹn?"

"Gbogbo ohun tó bá ń mì, Bàbá. Gbogbo ohun tó bá ní bátànì wẹ́wẹ́. Ìkòkò kan ni, gbogbo wọn ló ń bu níbẹ̀. Bí àlejò bá pọ̀, onílé ò ní yó."

"Bí àlejò ò bá sí rárá ńkọ́?"

"Ojú yín nìkan ni yóò jẹ gbogbo rẹ̀."

Wọ́n dìde. "Ẹ kó wọn jáde."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lórí firíìjì. Èmi àti bàbá mi gbé e dé àárín agbo ilé, gaàrì Ìyá Àgbà ń dà sílẹ̀ nínú rẹ̀. Fáànù tẹ̀ lé e, aago ògiri, tẹlifíṣọ̀n, àga onítìmùtìmù. Bàbá Àgbà fi ọwọ́ ara wọn fa kọ́tìnì já. Àwọn aládùúgbò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rù bà wọ́n; obìnrin tó ń ta kẹ́ńkẹ́, oúnjẹ àgbàdo àwọn ará Gánà, sáré wọlé pẹ̀lú ọwọ́ ìyẹ̀fun.

"Alhaji, deɛn na asi? Woretu anaa?" Ó rò pé wọ́n ń kó lọ ni.

"Daabi," ni Bàbá Àgbà dá a lóhùn. "Me ne me nua na yɛrekasa." Rárá o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la ń sọ̀rọ̀.

Obìnrin náà wo inú pálọ̀ tó ṣófo. Ó wo Ìyá Àgbà. Ìyá Àgbà gbé èjìká sókè.

Jalabíà funfun ni Bàbá Àgbà wọ̀, wọ́n ṣí fìlà. Mo gbé àpótí ìjókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé, kí ojú ilà lè ní òjìji díẹ̀, nítorí ó ti ń parẹ́ lọ pẹ̀lú ọjọ́ ogbó. Ìyá Àgbà mú ìgò tìróò jáde. "Ẹ jẹ́ kí n fi èyí tọ ọ́ díẹ̀. Á dúdú dáadáa, ẹ̀rọ á rí i."

"Fi sílẹ̀, Ìyá Àgbà. Irọ́ kan ni mo fi ojú mi pa. Mi ò ní fi pa èkejì."

Mo sọ fún wọn pé mo lè dín àwọ̀ kù sí i, kí ilà lè rí àyè. Wọ́n ní kí n dín in. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn mọ bí àwọn ṣe dúdú tó. Èyí tó nira jù ló kù. Mo ní, "Bàbá, ẹ má gbé ọwọ́. Ẹ má mi orí. Bí ẹ bá dúró jẹ́ẹ́, ẹ̀rọ á ráyè fara balẹ̀ ya yín."

Ọkùnrin tó máa ń fi ọwọ́ méjèèjì sọ̀rọ̀ jókòó lé ọwọ́ méjèèjì lórí. Mo ní lóòótọ́, wọ́n fi ìdí tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Mo retí ìkíni gígùn. Wọ́n wo ojú kámẹ́rà.

"Àsàlámù àláékúmù, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi Yàkúbù nìyí. Mo ti tú ìborùn náà."

Wọ́n yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún sí ìmọ́lẹ̀, wọ́n dúró. Wọ́n yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, wọ́n dúró. Ó tán. Ìyá Àgbà ní, "Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni? Ẹ ò kí ẹnikẹ́ni?" Bàbá Àgbà ní, "Bó bá dáhùn èyí, ìyókù ò ní sá lọ."

Mo gbé e wá fún wọn wò kí n tó fi ránṣẹ́. Ògiri funfun, ojú àgbàlagbà. Gbogbo ìhunjọ ló hàn, àpò abẹ́ ojú hàn, ibi tí eyín ti já hàn. Ilà mẹ́ta-mẹ́ta sì hàn, títí kan ti ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì tó wọ́ díẹ̀ bí okùn tí wọn ò fà le. Wọn ò sọ pé ó jọ wọ́n. Wọ́n kàn mi orí.

Ní ìrọ̀lẹ́ tí a tún lọ dúró ní ilé tẹlifóònù, Àlàbí ò kí wa pàápàá kó tó máa sọ̀rọ̀. Ó ní Bàbá Ìlọrin ní kí òun dá àwòrán dúró síbi ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì. Ó ní wọ́n fa àga sún mọ́ ọn títí imú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì, wọ́n fi ìka tọ ilà tó wọ́ yẹn, wọ́n tún tọ ọ́. "Wọ́n ní èyí ò ṣeé rà lọ́jà. Wọ́n ní ọjọ́ tí olóòlà ń kọ ọ́, àwọn ni bàbá wọn ní kí ó di ẹsẹ̀ ọmọ mú. Ọmọ ta wọ́n nípàá láyà, wọ́n jọ̀wọ́ ẹsẹ̀, ọwọ́ olóòlà sì yẹ̀. Bàbá, wọ́n ń sunkún. Wọ́n wà níbí. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní fóònù."

A gbọ́ tí fóònù ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. A gbọ́ èémí àgbàlagbà. Bàbá Àgbà di apá mi mú, èékánná wọn wọ mí lára.

"Wàláékúmù sàlámù, Yàkúbù."

"Ẹ̀gbọ́n."

"Yàkúbù."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

Ẹni tó ni ilé tẹlifóònù ń wo aago rẹ̀. Bàbá Ìlọrin wú ikọ́. "Firíìjì yẹn, tìrẹ ni?"

"Tèmi ni. Kò ṣiṣẹ́."

Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́nu Bàbá Ìlọrin lọ́hùn-ún, ẹni tó tò tẹ̀ lé wa láti gba fóònù náà gbọ́ ọ. "Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Láti kékeré lo ti máa ń pàtẹ ohun tí kò ṣiṣẹ́."

Nígbà tí òjò dá, Bàbá Ìlọrin bá ọkọ̀ wá sí Kùmásì. Àlàbí ló mú wọn wá. Wọ́n jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì lójúde, àwọn àgbà méjì, wọ́n ń jà lórí ẹni tó jẹ ẹran ìyá wọn lọ́jọ́ tí ẹnì kan nínú wa ò tíì dáyé. Ìyá Àgbà á ní kí wọ́n rọra. Bàbá Àgbà á ní, "Fi wá sílẹ̀. Ìjà tó yẹ ká ti jà ti pọ̀ jù nílẹ̀."

Bàbá Ìlọrin ṣì wà lọ́dọ̀ wa nígbà tí ọlọ́jọ́ dé. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Bàbá Àgbà ní kí àwọn fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí alásárì tó dé. Wọn ò jí. Òkú kì í pẹ́ nílẹ̀ nínú ẹ̀sìn wa. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti wẹ̀ wọ́n, a ti fi aṣọ funfun dì wọ́n, a gbé wọn síwájú ìmáàmù ní gbangba. Tafo jáde, Aboabo jáde, àwọn alátẹ ọjà ti pàdé níbẹ̀, Yorùbá, Hausa, Àṣáńtì.

Kí wọ́n tó kírun sí òkú lára, ìmáàmù yíjú sí àwa èèyàn, ó béèrè bí wọ́n ṣe máa ń béèrè, pé kí ẹni tó ni òkú dìde, kí gbogbo ènìyàn lè mọ ẹni tó dúró fún un láyé.

Bàbá mi, àkọ́bí, ń dìde lọ. Tirẹ̀ ni, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọwọ́ kan fà á jókòó. Bàbá Ìlọrin fi ọ̀pá tẹlẹ̀, wọ́n gbé ara wọn sókè díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi nà tán láàárín gbogbo èrò, wọ́n sì pariwo rẹ̀ débi pé àwọn tó wà ní títì yíjú wò wọ́n.

"Èmi ni mo ni ín. Ọmọ bàbá mi ni."